Ọ̀rọ̀ àná àti ọ̀rọ̀ òní olóṣèlú: ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni tí akọ̀ròyìn bá gbé méjèèjì jáde?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Alfa wa. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá ohun tí àwọn olóṣèlú ti sọ sẹ́yìn, kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ń sọ báyìí, kí aráyé lè rí bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń takora. Ẹnì kan tí a jọ máa ń kírun sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni, pé ẹran ara òkú ni mò ń jẹ, àti pé tí mo bá ń ṣe é nínú oṣù Ramadan, àwẹ̀ mi ti bàjẹ́. Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi fẹ́ kí á máa ṣe é fún. Tí mo bá rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn, yóò ní kí n gbé e tì. Ṣé mò ń dẹ́ṣẹ̀ ni? Owó oṣù tí mò ń gbà ńkọ́?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullahi wa barakatuh. Ọmọ ìyá mi, ẹni tó kìlọ̀ fún ọ kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Nínú Suratul Hujurat, āyah 12, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa sọ̀rọ̀ ara wa lẹ́yìn, Ó sì fi í wé jíjẹ ẹran ara ọmọ ìyá ẹni tó ti kú. Nínú hádíìsì tí Imam Muslim, ọ̀kan nínú àwọn onímímọ̀ tó kó hádíìsì jọ, gbà wá, wọ́n bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) pé bí ohun tí a sọ bá wà lára onítọ̀hún ńkọ́. Ó ní bó bá wà lára rẹ̀, o ti sọ ọ́ lẹ́yìn nìyẹn. Bí kò bá sí, irọ́ lo pa mọ́ ọn. Nítorí náà, kí èèyàn kàn sọ pé òótọ́ lòun sọ kò tó àwíjàre.

Síbẹ̀, Ànábì yìí kan náà ni Fatimah bint Qays lọ bá nígbà tí Mu'awiyah àti Abu Jahm fẹ́ fi í ṣe aya. Ó sọ fún un pé Abu Jahm kì í sọ ọ̀pá kalẹ̀ léjìká, ìyẹn ni pé ó máa ń lu obìnrin, pé aláìní tí kò ní dúkìá ni Mu'awiyah, ó sì ní kí ó fẹ́ Usamah. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ kí a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa òun. Ṣùgbọ́n obìnrin náà fẹ́ fi ayé rẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́, ó sì yẹ kó mọ irú ẹni tó jẹ́. Ìdí nìyí tí Imam an-Nawawi fi ka ọ̀nà 6 tí sísọ ọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn fi lè tọ́, tí kíkìlọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí sì wà lára wọn. Ẹni tó dìde ní gbangba, tó ní kí ará ìlú fi àṣẹ àti àpò ìjọba lé òun lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta fún àyẹ̀wò. Ohun tó sọ lórí owó orí, lórí ilé-ìwé, lórí ogun, ẹ̀tọ́ ará ìlú ni láti rán an létí. Ìyàwó rẹ̀, àìsàn rẹ̀ àti bí ojú rẹ̀ ti rí kò sí lára ẹ̀tọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹ̀gàn tí āyah 11 inú Surah kan náà kọ̀ fún wa. Ó sì dà bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ètò ìròyìn ti ń wá ẹ̀rín.

Lẹ́yìn èyí, kó o tó gbé ọ̀rọ̀ méjì tó takora jáde, wò ó bóyá ṣe ni onítọ̀hún yí èrò padà. Yíyí èrò padà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé Ànábì sọ pé bí òun bá búra lórí nǹkan, tí òun wá rí èyí tó dára jù ú lọ, òun á ṣe èyí tó dára jù, òun á sì san ìtánràn ìbúra náà. Umar ibn al-Khattab dá ẹjọ́ ogún kan. Nígbà tí irú ẹjọ́ náà tún dé, ó dá a lọ́nà mìíràn. Wọ́n rán an létí ti tẹ́lẹ̀, ó ní bí àwọn ti dá a nígbà yẹn nìyẹn, bí àwọn sì ti dá a báyìí nìyí. Imam Shafi'i ní ìdájọ́ tó mú lò nígbà tó wà ní Iraq, ó sì ní èyí tó mú lò nígbà tó dé Íjíbítì. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní òpùrọ́, torí wọn kò sẹ́ ọ̀rọ̀ àná. Bí olóṣèlú kan bá jáde, tó ní òun ti sọ báyìí rí, tó sì ṣàlàyé ohun tó mú òun kúrò níbẹ̀, tí ìwọ wá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì jáde láìfi àlàyé yẹn kún un, o ti ṣàbòsí sí i. Ti ẹni tó pe owó orí ní ìnira nígbà tó wà nínú ẹgbẹ́ alátakò, tó dé orí àga tó pè é ní àánú, tó tún ń búra pé òun ò sọ ti àkọ́kọ́ rí, yàtọ̀ gedegbe. Ìbéèrè inú Suratus Saff kàn án: kí ló dé tí ẹ fi ń sọ ohun tí ẹ kì í ṣe? Hádíìsì olójú méjì, ẹni tó ń gbé ojú kan wá bá àwọn wọ̀nyí, tó ń gbé òmíràn lọ bá àwọn wọ̀nyẹn, náà kàn án. Ṣùgbọ́n má pè é ní mùnáfíkì. Irọ́, yíyẹ àdéhùn àti jíjàǹbá ohun tí a fi síni lọ́wọ́ jẹ́ àmì tí ojú lè rí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù nínú iṣẹ́ yín ni àlùmọ́gàjí. Nínú Suratul Ma'un, āyah 4, Ọlọ́hun sọ pé ègbé ni fún àwọn tó ń kírun. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ti ka Al-Kùránì, kò fi lẹ́tà kan kún un, ó sì ti fi gbogbo olùkírun ré. Inú āyah tó tẹ̀ lé e la ti rí i pé àwọn tó ń fi ìrun wọn jáfara lọ̀rọ̀ kàn. Irú gígé yìí ló pọ̀ nínú fídíò kúkúrú. Kí ni wọ́n bi olóṣèlú náà kó tó dáhùn? Ṣé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, àbí ọ̀rọ̀ alátakò rẹ̀ ló ń tún sọ kó lè dá a lóhùn? Ọjọ́ wo ló sọ ọ́? Lónìí pàápàá, kọ̀ǹpútà lè fi ohùn èèyàn sọ ohun tí onítọ̀hún kò sọ rí. Àṣẹ inú Hujurat, āyah 6, pé kí á ṣèwádìí ìró tí wọ́n bá mú wá, kan fídíò bó ṣe kan ọ̀rọ̀ ẹnu.

Nígbà tí ariwo gba Medina kan pé Ànábì ti kọ àwọn ìyàwó rẹ̀, àwọn èèyàn wà nínú mọ́sáláṣí, wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ lu ilẹ̀. Umar kò jókòó tì wọ́n. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ó tọrọ àyè títí wọ́n fi jẹ́ kó wọlé, ó bi í bóyá ó ti kọ wọ́n ni, ó ní rárá. Umar wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó ké e síta pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò kọ àwọn ìyàwó rẹ̀. Muslim ló gbà á wá, ibẹ̀ la sì ti rí i pé āyah 83 nínú Suratun Nisa sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀, èyí tó ń bá àwọn tó ń fọ́n ìròyìn káàkiri láìdá a padà sọ́dọ̀ àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ wí. N kò mọ àpẹẹrẹ iṣẹ́ akọ̀ròyìn tó dára ju èyí lọ. Ṣé ẹ máa ń pe olóṣèlú náà kí ẹ tó gbé tirẹ̀ jáde? Ànábì kìlọ̀ fún Ali pé kó má ṣe dá ẹjọ́ fún ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́ títí yóò fi gbọ́ ti ẹnìkejì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ. Suratul Mutaffifin fi ègbé kí àwọn tó ń gba òṣùwọ̀n kíkún lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń dín in kù nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n fún èèyàn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ka àṣìsọ ẹgbẹ́ kan, tó ń bo ti ẹgbẹ́ kejì, ohun tó ń ṣe nìyẹn. Gbogbo fídíò tó gbé jáde lè jẹ́ òótọ́, kí ohun tí olùwòran bá kúrò níbẹ̀ sì jẹ́ irọ́, torí yóò rò pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń yẹ ọ̀rọ̀. Suratul Maidah, āyah 8, ní kí ìkórìíra ìjọ kan má ṣe mú wa kúrò lórí déédéé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìbo ẹnikẹ́ni: àwa alfa náà ń ṣe é. A ń gé wáàsí ara wa, a ń fi èyí tó burú jù ránṣẹ́, a ń pè é ní ìgbèjà ẹ̀sìn. Àwọn olùgbọ́ náà kò mọ́ níbẹ̀. Ṣàìtánì ló kọ́ Abu Hurayrah ní kíka Ayatul Kursiyyu kó tó sùn. Ànábì kò ní kó da ọ̀rọ̀ náà nù, ó ní òótọ́ ló sọ fún un bó tilẹ̀ jẹ́ òpùrọ́. Mélòó nínú wa ló lè gba òótọ́ lẹ́nu ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ràn?

Owó oṣù rẹ: iṣẹ́ ìròyìn tọ́, owó rẹ̀ sì jẹ́ hàláàlì láti ìpìlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá là á mọ́lẹ̀ pé ti ẹgbẹ́ báyìí ni òun, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, torí olùgbọ́ mọ ibi tó dúró. Èyí tó ń pe ara rẹ̀ ní aláìṣègbè tó ń ṣe báyìí, ẹ̀tàn ni, Ànábì sì sọ pé ẹni tó bá tan wá kì í ṣe ara wa. Ohun tí ọ̀gá kọ̀ láti gbé jáde kò sí lọ́wọ́ rẹ. Èyí tí ọwọ́ rẹ ṣe ni wọn yóò bi ọ́. Má gé ọ̀rọ̀ kí ìtumọ̀ rẹ̀ lè yí, má sì kọ ọ́ pé àwọn tó kù kò ṣe irú rẹ̀ nígbà tó o mọ̀ pé wọ́n ṣe é. Ibi dáadáa nìkan ni títẹ̀lé àṣẹ ọ̀gá mọ. Bá a sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ ná. Tó bá ṣe pé irọ́ gan-an ni wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn. Mi ò ní kó o fi ìbínú ọjọ́ kan ju àwọn ará ilé rẹ sínú ebi.

Àwẹ̀ rẹ kò bàjẹ́, o kò sì ní san án padà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ onímímọ̀ wí, kódà fún ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn gidi. Ẹ̀san rẹ̀ ló wà nínú ewu, torí hádíìsì Bukhari sọ pé ẹni tí kò bá fi ọ̀rọ̀ irọ́ sílẹ̀, Ọlọ́hun kò bùkátà sí pé ó fi oúnjẹ àti omi rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé o ti gbé èyí tó o mọ̀ pé ẹ gé sódì jáde rí, títọrọ àforíjìn ní ìkọ̀kọ̀ kò tó, torí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ti wọ̀ ọ́. Nínú Suratul Baqarah, āyah 160, ohun tí Ọlọ́hun fẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi òótọ́ pamọ́ ni kí wọ́n ronú pìwà dà, kí wọ́n ṣàtúnṣe, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀. Ibi tí fídíò àkọ́kọ́ dé, àní lójú ewé kan náà àti ní wákàtí kan náà bó bá ṣeé ṣe, ni kí àtúnṣe náà dé. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.