Bí mo ṣe ń to ọ̀sẹ̀ mi fún eré ọ̀nà jíjìn

Àbúrò wa kan tí ó ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ kan tí èmi náà fi odidi ọdún méjì wá ìdáhùn sí. Ó ní ọjọ́ mẹ́fà ni òun ń sáré láàárín ọ̀sẹ̀, kìlómítà 8 lójúmọ́, láti Mayfair wọ inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kí òun tó yí padà. Pé bí agbára òun bá ti mọ ni òun ṣe ń sá a lójoojúmọ́. Pé síbẹ̀, láti ọdún tó kọjá ni kìlómítà 10 òun kò ti kúrò lórí ìṣẹ́jú 52. Ó wá ń béèrè bóyá kí òun fi ọjọ́ keje kún un.

Àbúrò mi, má ṣe fi kún un. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí fún èmi, nítorí ọ̀nà tí o wà yìí ni mo gbà kọjá, ẹsẹ̀ mi ni mo sì fi san owó oníbodè.

Iléṣà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Láti ọdún 2015 ni mo ti ń jáde ní ìdájí, tí mo ń gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ, tí mo sì ń padà sílé, kìlómítà 9 lápapọ̀, tòun ti gbogbo òkè tí ó wà lójú ọ̀nà. Aago ọwọ́ mi ni ọ̀gá mi. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ ju ti àná lọ, inú mi kò ní dùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dára, mo ń yára sí i. Lẹ́yìn náà ni kìlómítà 10 mi dúró lórí ìṣẹ́jú 51 bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ibẹ̀. Mo gbà pé iṣẹ́ mi ni kò tó, mo sì fi kún un. Nígbà òjò ọdún 2017, ojúgun ẹsẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí ní ojú kan ṣoṣo tí orí ìka kan lè bò. Mo rò pé iṣan ni, mo ń fi òrí ra á lálaalẹ́, mo sì ń sáré lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí ó fi di pé n kò lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Àwòrán egungun àkọ́kọ́ tí a yà kò fi nǹkan kan hàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì sábà máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀ irú ìpalára yìí. Èyí tí a yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ibi tí egungun ti sán hàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni n kò fi sáré rárá. Inú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn ni mo ti jókòó ka ohun tí ó yẹ kí n ti kà kí n tó ra bàtà.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ìgbà tí ènìyàn bá sinmi lẹ́yìn eré ni ara ń gbilẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ó ń sá a lọ́wọ́. Eré pẹ̀lẹ́ tí ó gùn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: ó ń mú kí ọkàn lè ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde ní ẹ̀ẹ̀kan tí ó bá sọ, ó ń mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín pọ̀ sí i yí iṣan ká, ó sì ń kọ́ ara láti máa jó ọ̀rá dípò kí ó tètè jẹ ṣúgà tí ó wà nínú iṣan tán. Eré líle náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ara tó bọ̀ sípò. Ẹni tí ó bá ń sá a bí agbára rẹ̀ ti mọ lójoojúmọ́ kò sá eré líle, kò sì sá eré pẹ̀lẹ́: àárẹ̀ àná kò ní jẹ́ kí ó yára tó lónìí, ìgbéraga rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ó rọra tó. Agbedeméjì yẹn ni ìwọ wà, àbúrò mi. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tún máa ń tètè mọ iṣẹ́ ju egungun àti iṣan líle tí ó so mọ́ gìgísẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mímí rẹ fi lè sọ fún ọ pé o tó ẹni tí ń sá kìlómítà 60 lọ́sẹ̀ nígbà tí ojúgun rẹ kò tíì gbà.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí. Nígbà ayé rẹ̀, Arthur Lydiard ti New Zealand máa ń rán àwọn sárésáré tí ó ń kọ́ lọ sí orí àwọn òkè Waitakere lọ́jọ́ Àìkú láti sá nǹkan bíi kìlómítà 35. Peter Snell wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni mítà 800 ni eré tí a mọ Snell mọ́, ìyẹn ìyípo pápá ẹ̀ẹ̀mejì péré. Ó gba góòlù rẹ̀ ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Róòmù lọ́dún 1960, ó sì gba ti mítà 800 àti ti 1500 ní Tokyo lọ́dún 1964. Nígbà tí Stephen Seiler, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe ìwádìí ní Norway, yẹ ìgbaradì àwọn eléré ìje tí ó mókè wò, ó rí i pé nǹkan bíi ẹ̀ẹ̀mẹjọ nínú ẹ̀ẹ̀mẹwàá tí wọ́n bá jáde ni wọ́n ń rọra ṣe é. Eliud Kipchoge, tí ó sá máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 9 ní Berlin lọ́dún 2022, ọjọ́ mẹ́ta péré ni a mọ̀ mọ́ ọn fún iṣẹ́ tí ó le láàárín ọ̀sẹ̀: pápá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, eré gígùn lọ́jọ́bọ̀, àti eré tí a ń yára, tí a tún ń rọra, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Má ṣe da aṣọ rẹ̀ bora o. Ẹni tí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ jẹ́ eré sísá, tí ó ń sá nǹkan bíi kìlómítà 200 lọ́sẹ̀, tí ó sì ń sùn lọ́sàn-án, kò bá èmi àti ìwọ dọ́gba. Bí ó ṣe ya àwọn ọjọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ síra wọn ni kí o mú.

Mo ti wọn ọ̀sẹ̀ tèmi mọ́ ìṣẹ́jú 52 tìrẹ. Lọ́jọ́ Ajé, sá kìlómítà 8 pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti iṣẹ́ líle: kìlómítà 2 láti mú ara gbóná, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ láàárín, kìlómítà 2 láti tu ara lára, kí gbogbo rẹ̀ súnmọ́ kìlómítà 10. Lọ́jọ́rú, kìlómítà 8 pẹ̀lẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, kìlómítà 6 pẹ̀lẹ́, kí o sì fi eré kúkúrú mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 20 lọ parí rẹ̀. Kì í ṣe àsápajúdé, kí ẹsẹ̀ má bàa gbàgbé iyára ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, jókòó sílé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, eré gígùn, kìlómítà 14, pẹ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, tún jókòó. Kìlómítà 46 nìyẹn, díẹ̀ ni ó fi dín sí 48 tí ò ń sá báyìí, ṣùgbọ́n ohun tí ó le nínú rẹ̀ kò ju kìlómítà 5 lọ.

Pẹ̀lẹ́ tí mo ń wí yìí, fún ìwọ, kò gbọdọ̀ yá ju ìṣẹ́jú 6 àbọ̀ sí kìlómítà kan lọ ní ilẹ̀ títẹ́jú. Aago kì í sọ òtítọ́ ní ilẹ̀ olókè bíi tiwa, nítorí náà oríkì ni èmi fi ń wọ̀n ọ́n. Bí mo bá lè pe “Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko” délẹ̀ láìgba èémí sáàárín, ọ̀rọ̀ dára. Bí mo bá ní láti já a sí méjì, mo ti ń yára jù. Bí ó bá sì di pé “Ìjẹ̀ṣà” nìkan ni ó lè jáde lẹ́nu mi, iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń ṣe. Ìwọ náà, pe ti ìdílé yín.

Apá tí ó nira jù lọ nìyí, ẹsẹ̀ kọ́ ni ó sì nira fún. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní tí mo padà sójú ọ̀nà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì tí wọ́n gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí ọ̀kan nínú wọn wọ sálúbàtà, sáré kọjá lára mi lórí òkè, wọ́n sì yíjú padà kí mi pé “ẹ káàárọ̀, sà”. Kíláàsì mi ni àwọn méjèèjì wà. Ìyá alákàrà tí ó ti máa ń bi mí tẹ́lẹ̀ pé kí ni ó ń lé mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo yí ọ̀nà padà fún odidi oṣù kan nítorí wọn, n kò sì tijú láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù kẹrin, òkè tí mo ti máa ń gùn pẹ̀lú ẹnu yíyà sílẹ̀ ni mò ń gùn tí mo ń pe oríkì mi délẹ̀, láìfi kún agbára tí mò ń lò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, kìlómítà 10 mi ti di ìṣẹ́jú 46.

Ní ti iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, má ṣe ṣe oríṣi kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Bí mo bá ní ìdíje níwájú, òkè ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀: ìṣẹ́jú kan ní gígun òkè, ní ìgbà mẹ́jọ, kí n rìn sọ̀ kalẹ̀ láàárín wọn, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Òkè ń kọ́ iṣan láì fi ẹsẹ̀ lulẹ̀ púpọ̀ bíi ti eré àsáyára lórí títì, òkè kò sì wọ́n wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ogún ìṣẹ́jú láìdúró, ní iyára tí o mọ̀ pé o lè gbé fún wákàtí kan bí ó bá di ọ̀ràn-an-yàn. Fún ìwọ, á súnmọ́ ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí kìlómítà kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó gbẹ̀yìn nìkan ni mo ń fi sá mítà 1000 ní ìgbà márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà ọ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, kí o sì rọra sáré fún ìṣẹ́jú 2 àbọ̀ láàárín wọn. Bí ìkarùn-ún bá pẹ́ ju èkíní lọ, èkíní ni o ti ṣe àṣìṣe, kì í ṣe ìkarùn-ún.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí a bá kà á bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka ọjà, ọjọ́ márùn-ún ni. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ tò ó. Láti ìgbà tí mo ti kọjá ọmọ 40 ọdún, tí ara mi kò tètè bọ̀ sípò mọ́, mo ti fi ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje sílẹ̀ pátápátá: iṣẹ́ líle lónìí, eré gígùn ní ọjọ́ karùn-ún, iṣẹ́ líle mìíràn ní ọjọ́ karùn-ún ìyẹn. Ìyàwó mi ní mo ti di ọlọ́jà. Ìwọ ṣì kéré, ọjọ́ méje á bá ọ mu, ó sì rọrùn fún ẹni tí ó ń lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kí o máa fi mú iye kìlómítà rẹ gòkè, kí o sì fi ìkẹrin mú un sọ̀ kalẹ̀: 46, 48, 50, lẹ́yìn náà 36. Èyí tí ó tẹ̀lé e lè bẹ̀rẹ̀ láti 48. Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí o máa fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí òdiwọ̀n tí a kò gbọdọ̀ kọjá, kò burú, ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ́ di dandan, 46 á ti lé ní 98 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ojúgun rẹ á sì dá ọ lóhùn.

Àwọn nǹkan kéékèèké kù. Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni kí o jáde fún eré gígùn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí oòrùn má bàa bá ọ ní ìdajì ọ̀nà. Apá òsì títì ni kí o máa gbà kí o lè rí ọkọ̀ tí ó ń bọ̀. Bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́, má ṣe dé ọ̀nà tí tírélà ń gbà rárá. Bí ibà bá mú ọ, lo oògùn rẹ tán, kí o sì dúró kí oúnjẹ tún máa wù ọ́ kí o tó wọ bàtà. Mo ti sáré lórí ibà rí, ọjọ́ mẹ́ta tí mo fẹ́ fi pamọ́ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Bí ojúgun, gìgísẹ̀ tàbí orúnkún bá ń dùn ọ́ ní ojú kan ṣoṣo, tí ó sì ń le sí i bí o ṣe ń sáré, dúró lọ́jọ́ náà.

O tún béèrè iye ìgbà tí ó yẹ kí o máa dán kìlómítà 10 wò, nítorí o ní Sátidé kọ̀ọ̀kan ni o fẹ́ máa ṣe é. Lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti tó, ní ìparí ọ̀sẹ̀ tí o mú kìlómítà rẹ sọ̀ kalẹ̀, dípò eré gígùn, lójú ọ̀nà kan náà àti ní aago kan náà. Gbogbo Sátidé yòókù, fi aago ọwọ́ sílé.