Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ pápá bọ́ọ̀lù: ṣé owó wà níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ ni mò ń tà n'Ìbàdàn. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù kan lọ̀ mí nítòsí pápá Lekan Salami l'Adamásingbà, ₦600,000 lọ́dún. Onílé ní èrò tó ń wá wo Shooting Stars, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń gbá níbẹ̀, nìkan á dá owó náà padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ọjọ́. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú NPFL, líìgì bọ́ọ̀lù tó ga jù ní Nàìjíríà, nítorí náà ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 19 péré ni ti ilé. Ẹ pín ₦600,000 sí 19: ó lé ní ₦31,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èrè orí abọ́ kan bá jẹ́ ₦300, abọ́ 106 lẹ máa tà kí owó ilé nìkan tó yọ. Gáàsì àti owó ọmọ iṣẹ́ ò tíì wọ̀ ọ́.

Wákàtí díẹ̀ lẹ sì ní láti fi tà á. Ìsinmi àárín eré kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ, bí wọ́n bá sì na ẹgbẹ́ ilé, mọ́tò ni gbogbo wọn ń sáré wá. Ohun tó ń tà nírú àsìkò yẹn ni ohun tí ọwọ́ ń gbé rìn: omi inú ọ̀rá, gúgúrú, súyà. Àmàlà ń fẹ́ ìjókòó.

Ti ìlú lápapọ̀ tún yàtọ̀. Ará Bódìjà tó bá jẹun l'Adamásingbà lọ́jọ́ náà kò ní jẹun ní Bódìjà mọ́. Owó kàn ṣípò ni. Ti àlejò ni owó tuntun, àmọ́ alátìlẹ́yìn Remo Stars tó ti Ìkẹ́nnẹ́ wá lè sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn olówó gan-an ti kó sí i: ní St. Louis l'Amẹ́ríkà, mílíọ̀nù 24 dọ́là ni ìjọba ń san lọ́dọọdún nígbà kan lórí pápá tí wọ́n ṣí ní 1995. Rams, ẹgbẹ́ tó ń lo pápá náà, kó lọ sí Los Angeles ní 2016, nígbà tí gbèsè ò tíì tán.

Nítorí náà, ẹ lọ jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta tí kò sí bọ́ọ̀lù, kí ẹ ka àwọn tó ń wá oúnjẹ. Bí àwọn yẹn nìkan bá lè san owó ilé, ẹ gbà á, kí ẹ ka ọjọ́ bọ́ọ̀lù sí jàrá. Bí wọn ò bá lè san án, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ máa gbé kúlà àti tábìlì lọ lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń pàtẹ síwájú géètì.