Iṣẹ́ wo ni àwòrán yẹn ń ṣe níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ṣe atọ́nà kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ìtàn Ẹ̀gbá, mo sì kó àwòrán sí i kó lè wu ojú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran wá sọ pé "àwòrán, àwòrán" ṣáá ni fóònù òun ń pè. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Àwọn ètò tó ń ka ojú ẹ̀rọ sókè fún ẹni tí kò ríran, bíi TalkBack orí fóònù Android àti NVDA tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà, bí wọ́n bá kan àwòrán, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sí àyè alt text, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe àwòrán, ni wọ́n máa ń kà jáde. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yín gbọ́ náà nìyẹn.

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí àwòrán náà ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká mú Olúmọ. Bó bá wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ogun, ẹ kọ ọ́ pé: "Abẹ́ àpáta Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun." Bó bá jẹ́ pé bí ìlú ṣe rí lẹ ń sọ: "Òrùlé páànù àwọn ilé Abẹ́òkúta, láti orí Olúmọ." Ẹ má fi "àwòrán" bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà á sọ ìyẹn fúnra rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán, ẹ sàmì sí i pé ẹ̀ṣọ́ ni, kí ẹ̀rọ lè fò ó. Ká ní èmi ni, màá yọ ọ́ kúrò, torí dátà akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jẹ.

Ibi tó gba iṣẹ́ jù ni àwòrán tó kún fún ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbé ojú ewé kan sí i láti inú Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, alt text kò lè gba gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ wá tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sísàlẹ̀. Iṣẹ́ ni o, ṣùgbọ́n ẹni tó ríran náà á jàǹfààní: lẹ́tà àtijọ́ ṣòroó kà lórí fóònù, ẹni tó bá sì ń wá orúkọ kan á rí i.

Bákan náà ni screenshot tó ń fi bí a ṣe ń wá ìwé hàn. Ẹ kọ ìgbésẹ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ dárúkọ bọ́tìnnì. "Ẹ tẹ èyí tó pupa" kò tó. Bí ojú ìkànnì náà bá yí padà, ẹ pààrọ̀ screenshot yẹn kíákíá, torí èyí tó ti gbó burú ju àìsí lọ.

Ẹ dín fáìlì tó bá tóbi kù kí ẹ tó gbé e sókè. Bí ẹ bá mú àwòrán láti Wikimedia Commons, àkójọ àwòrán kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ka àṣẹ tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó yà á. Pé ẹ rí i lórí Google kò sọ ọ́ di ti gbogbo ayé.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan TalkBack, ẹ di ojú, kí ẹ gbọ́ atọ́nà náà látòkè délẹ̀. Ẹ wá bẹ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kó gbọ́ ọ; ibikíbi tó bá ti béèrè pé "kí nìyẹn?", ẹ tún ibẹ̀ kọ.