Òrùka tó yẹ ọ̀pá oní-eṣinṣin

Àbúrò mi, o béèrè bóyá kí o ra òrùka oníseramíìkì (òrùka tí okùn ń gbà kọjá, tí a fi amọ̀ sísun líle tẹ́ inú rẹ̀) láti ìdí dé góńgó fún ọ̀pá ìpẹja oní-eṣinṣin, ìyẹn ti ìdẹ fífúyẹ́ tó jọ kòkòrò, tí o fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ tò, èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9 tó sì ń lo okùn nọ́ńbà 8 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí okùn ṣe wúwo tó), kí o tó sọ̀ kalẹ̀ láti Ṣábẹ wá sí ọ̀sà Àjàṣẹ́. O tún béèrè iye òrùka tó yẹ kó wà lórí rẹ̀. Má ra seramíìkì fún gbogbo rẹ̀. Ná owó gidi sórí òrùka méjì tó súnmọ́ ọwọ́ àti èyí tó wà ní góńgó, kí gbogbo ti àárín jẹ́ òrùka ejò, ìyẹn wáyà líle tí a lọ́ bí ejò tó gbé ikùn sókè, tó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ níwájú àti lẹ́yìn. Ní ti iye, mẹ́wàá ni èmi ń lò, láìka ti góńgó mọ́ ọn. Ọ̀pá méjì ni mo bà jẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀.

Aránṣọ ni mí, òwú kò ṣàjèjì sí ọwọ́ mi, mo sì rò pé ẹni tó lè fi ọwọ́ ṣẹ́tí agbádá yóò lè di òrùka mọ́ ọ̀pá. Òrùka tí mo rà ní Kútọnu fún ọ̀pá àkọ́kọ́ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi sára ọ̀pá ńlá tí a fi ń ju òjé sínú òkun: ẹsẹ̀ wọn ga, irin wọn nípọn, seramíìkì dúdú sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tà á fún mi ní bí òrùka bá ṣe tóbi tó ni okùn ṣe ń yọ̀ tó, mo sì gbà á gbọ́ nítorí pé n kò mọ ohun tí mo lè bi í. Nígbà tí mo dé etí ọ̀sà tí mo jù ú, ọwọ́ mi dúró, ṣùgbọ́n góńgó ọ̀pá kò dúró. Ó ń mì lọ, ó ń mì bọ̀, okùn náà sì ń bá a mì títí tó fi wó jọ níwájú mi bí ìfun adìẹ.

Nínú irú ìpẹja yìí, kò sí òjé tó ń fa okùn lọ. Okùn fúnra rẹ̀ ni ẹrù, nítorí pé ìdẹ tí a fi irun àti ìyẹ́ ṣe bí kòkòrò tàbí ẹja wẹ́wẹ́ kò wúwo rárá. Ọ̀pá ló gbọ́dọ̀ tẹ̀, kó sì tètè nà padà, kí okùn tó lè nà jáde tààrà, ẹrù díẹ̀ tí a bá sì gbé ka góńgó máa ń fa ọwọ́ ìnàpadà yẹn sẹ́yìn ju ọ̀pọ̀ ẹrù tí a gbé ka ìdí lọ. Bí o bá ń ṣiyèméjì, mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kí o fì í, lẹ́yìn náà kí o lẹ amọ̀ tí kò tó èékánná mọ́ orí rẹ̀ kí o tún fì í. Ohun tí mo ṣe sí ọ̀pá mi nìyẹn. Kì í ṣe òrùka nìkan ló ń wúwo, nítorí pé òwú tí a fi dì í àti kọ́ọ̀lù, ìyẹn àtè, tí a fi bo òwú náà wà lára ẹrù, ẹsẹ̀ gíga sì ń jẹ òwú àti kọ́ọ̀lù púpọ̀.

Nígbà tí mo máa to ìkejì, ìbẹ̀rù ìwúwo ti wọ̀ mí lára. Mo ra òrùka ejò tó kéré jù lọ tí mo rí, mo sì fi mẹ́fà péré sí i. Ọ̀pá náà yá lọ́wọ́ bí ẹgba, inú mi dùn fún nǹkan bí oṣù méjì. Lẹ́yìn náà ni ìrọ̀lẹ́ kan dé, nínú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkájà kan, ìyẹn àwọn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà kí ẹja lè máa gbé inú wọn. Ẹja ńlá kan gbé ìdẹ mi. Mo fa á dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó súnmọ́ mi débi pé kókó tó so okùn pọ̀ mọ́ fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ iwájú ti wọ inú òrùka góńgó, ó sì ti kọjá òrùka kan sí i. Ẹja rí ọkọ̀, ó ta, ó sá padà sí ìdí igi. Kókó tó wọlé wọ́ọ́rọ́ kò lè jáde mọ́: ó há sínú òrùka góńgó, góńgó ọ̀pá doríkodò sínú omi, mo sì gbọ́ “tọ́”. Fọ́nrán ti já. Apẹja tó ń tukọ̀ fún mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn wo ọ̀pá náà, ó sì ń tukọ̀ lọ. (Òun ń fi àwọ̀n pẹja, kò sì fìgbà kankan gbà pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe.)

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ra òrùka kankan láìjẹ́ pé mo fi kókó gba inú rẹ̀ kọjá. Di kókó tí o máa lò gan-an, kì í ṣe èyí tó rí bíi tirẹ̀, fà á wọlé, kí o sì fà á jáde. Bí ó bá kan etí òrùka lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́wàá, òrùka náà kéré.

Mẹ́fà yẹn kéré jù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ títí mo fi so okùn mọ́ igi tí mo tẹ ọ̀pá náà wò. Okùn kò tẹ̀lé ìtẹ̀sí ọ̀pá rárá. Láàárín òrùka kan sí èkejì ńṣe ló ya kúrò lára rẹ̀ bí osán ọrun. Ibi tó bá ti ya bẹ́ẹ̀, òrùka méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ru gbogbo ìfàgùn náà, ọ̀pá kábọ́ọ̀nù kò sì fẹ́ràn kí a kó ìyà jọ sí ojú kan. Bí a bá sì ń ju okùn, èyí tó tutù máa ń rọ̀ láàárín àwọn òrùka tó jìnnà síra, á máa lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá.

Wàyí o, bí mo ṣe ń to ẹsẹ̀ bàtà 9 nọ́ńbà 8 báyìí nìyí. Òrùka oníseramíìkì àkọ́kọ́, nọ́ńbà 16, máa ń wà ní sẹ̀ntímítà 75 sí 80 láti ìdí ọ̀pá, níbi tí ọwọ́ òsì mi ti lè fa okùn láìnà jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà 12. Lẹ́yìn ìyẹn ni òrùka ejò mẹ́jọ, mẹ́ta tó súnmọ́ ìdí jẹ́ nọ́ńbà 4, márùn-ún yòókù jẹ́ nọ́ńbà 3, n kì í sì í lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí kókó. Èyí tó súnmọ́ góńgó jù lọ máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 12 jìnnà sí i, àyè àárín wọn á sì máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀, títí tí yóò fi tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 28 láàárín àwọn oníseramíìkì méjèèjì. Má jẹ́ kí nọ́ńbà rú ọ lójú: ti oníseramíìkì súnmọ́ ìwọ̀n òrùka náà láti etí dé etí ní mìlímítà, ṣùgbọ́n ti òrùka ejò jẹ́ orúkọ lásán. Fún ọ̀pá kékeré nọ́ńbà 4 tí o máa fi pẹja lódò Ọ̀kpárá, o lè lo òrùka ẹlẹ́sẹ̀ kan, torí ìdì òwú kan ló ń gbà dípò méjì. Ní ọ̀sà níhìn-ín, ó máa ń wọ́ bí ó bá kọ́ etí ọkọ̀.

Ní ti irin rẹ̀, rántí pé ọ̀sà yìí àti adágún Nokoué so pọ̀, omi òkun sì ń gba Kútọnu wọlé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn kí àkúnya odò Wẹ́mẹ̀ tó tún gbá iyọ̀ náà jáde. Títéníọ̀mù kì í dípẹtà, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Irin tí kì í dípẹtà tí a fi kúróòmù líle bò ti tó fún mi, bí mo bá ń fi omi tó mọ́ ṣan ọ̀pá náà nírọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo rà lówó pọ́ọ́kú nígbà kan dípẹtà lábẹ́ òwú, níbi tí ojú kò tó, àwọ̀ pupa rúsúrúsú sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde létí kọ́ọ̀lù. Ní ti seramíìkì, ó máa ń sán bí ó bá bọ́ lu nǹkan, ojú sì lè máà rí i. Fi òwú fúlẹ́fúlẹ́ tàbí ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù kan nu inú rẹ̀ yí ká. Bí ó bá kọ́ ọ, yọ òrùka náà, nítorí pé yóò máa fá okùn rẹ.

Ẹsẹ̀ òrùka tún wà, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Bó ṣe ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀, etí rẹ̀ máa ń ga bí àtẹ̀gùn, òwú tó bá gùn ún á ṣí àyè sílẹ̀ níbẹ̀, kọ́ọ̀lù á sì sán síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Fi ayùn kékeré tí a fi ń pọ́n irin fá a títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹnu abẹ, kí o sì fá abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kó má baà ha ara ọ̀pá. Èékánná rẹ ni kí o fi dán an wò: kó gùn ún láìkọsẹ̀. Òwú ìránṣọ tí mo fi di ọ̀pá àkọ́kọ́ yọ irun, kọ́ọ̀lù sì sọ ọ́ di dúdú. Òwú náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ṣe fún ọ̀pá ni kí o rà. Ti góńgó ní tirẹ̀, kọ́ọ̀lù tí ń yọ́ bí iná bá kàn án ni kí o fi lẹ̀ ẹ́, kí o lè yọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́.

Bí o bá ń bọ̀, má tíì fi òwú kan ohunkóhun. Gé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kí o fi de àwọn òrùka náà mọ́ ọ̀pá ní ibi tí mo kọ sílẹ̀ yẹn, kí o mú un wá bẹ́ẹ̀. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ilé mi tí a lè so okùn mọ́. A ó tẹ̀ ẹ́ wò, a ó sì sún èyí tó bá yẹ ká sún kí a tó yọ́ kọ́ọ̀lù rárá.