Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: ṣé ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ nìkan ni?

Ẹni tó béèrè bóyá "kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán apá ò ní ká a mọ́" kàn wà fún bíbá ọmọ wí ni àbí ó kan igi gan-an, ó kan igi o. Lóòótọ́ ọmọ la sábà máa ń pa á fún, ìyá àgbà wo ní Abẹ́òkúta níbí ló máa bá ọmọ-ọmọ ẹ̀ wí tí ò ní pa á, wọ́n tún máa ń fi sọ̀rọ̀ gbèsè àti àìsàn tí a ò tètè mójú tó. Àmọ́ èmi gbà pé inú igbó lẹni tó kọ́kọ́ pa á ti rí i.

Ẹ wo tíìkì, igi gẹdú kan, ní Olókèméjì, lọ́nà Ìbàdàn, igbó ọba tó ti wà láti 1899, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbin tíìkì ní 1902. Nígbà ẹ̀rùn tíìkì á wọ́wé, kò ní dàgbà mọ́ títí òjò á fi dé, tí òjò bá wá dé, ara igi tó kọ́kọ́ máa yọ á ní ihò tójú lè rí, ibẹ̀ ni òrùka ọdún tuntun, ìyẹn ìlà róbótó tí igi ń fi kún ara ẹ̀ lọ́dọọdún, ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi omi nu ìdí gẹdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ní sọ́mìlì, ẹ máa rí i. Ẹni tí ò fẹ́ gé igi náà lulẹ̀, irin kan wà tó ní ihò nínú, wọ́n á yí i wọnú igi ní ọ̀gangan àyà, ìyẹn mítà 1.3 sílẹ̀, á fa igi tínrín kan jáde tí òrùka ọdọọdún tò sí lára.

Wọ́n máa ń gbin tíìkì súnmọ́ra, tó bá jẹ́ mítà 2 sí mítà 2, igi 2,500 nìyẹn lórí hẹ́kítà kan. Níbẹ̀rẹ̀ òrùka máa ń fẹ̀, tí ewé bá ti pàdé lókè tí wọ́n ń du oòrùn àti omi mọ́ra wọn lọ́wọ́, òrùka á há. Tí wọ́n bá tètè dín igi kù, òrùka àwọn tó ṣẹ́ kù á tún fẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́ jù, ewé orí wọn ti kéré, àyè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún wọn. Apá ò ká a mọ́ nìyẹn.

Òwe yẹn ò sọ pé àgbà igi ò dàgbà mọ́ o, apá ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ ni ò ká a! Òrùka tó há gan-an máa ń tan èèyàn. Tí igi bá kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 5 láti àárín dé 6, igi tó fi kún ara ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 35. Tó bá wá dàgbà, tó kúrò ní 15 dé 15.5 péré, 48 ló fi kún un. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń wá ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù, ìyẹn èyí tí igi ń fà látinú afẹ́fẹ́, nínú igbó ọ̀gbìn kì í fi òrùka nìkan ṣe é, wọ́n á fi ṣírò bí igi ṣe tóbi tó lọ́dọọdún, wọ́n á fi gíga ẹ̀ àti bó ṣe wúwo sí kún un, kí wọ́n tó mọ ìwọ̀n gbígbẹ ẹ̀, kábọ́ọ̀nù sì tó nǹkan bí ìdajì ìyẹn.

Ọ̀dá inú August náà wà ńbẹ̀ o, tí òjò bá dáwọ́ dúró tó tún padà, igi lè yọ òrùka méjì lọ́dún kan, torí náà kẹ́ ẹ tó gba iye tẹ́ ẹ kà, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n gbìn ín.