Ṣé mo lè kó ewì àti ìtàn inú ìwé oníwèé sínú hándáàtì tí mo fẹ́ tà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Tíṣà Yorùbá ni mí ní Àkúrẹ́ níbí, mo sì ń ṣe lẹ́sìn nírọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kó ewì àti ìtàn kéékèèké látinú ìwé oríṣiríṣi pọ̀ di hándáàtì, kí n ṣe fótókọ́pì ẹ̀, kí n máa tà á fáwọn ọmọ tó ń múra WAEC. Màá kọ orúkọ àwọn tó ni ín síbẹ̀. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, tíṣà wa. Orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ kọ yẹn dáa, òfin gan-an fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kíkọ kì í ṣe àṣẹ o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń kó sí wàhálà, wọ́n á ní "mo ṣáà dárúkọ ẹ̀", ẹni tó ni ìwé á ní kò sẹ́ni tó tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ òun.

Òfin kọ́píráìtì ti 2022, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́, là ń lò báyìí. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe àkójọ, àyọkà méjì péré lẹ lè mú nínú iṣẹ́ kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé fún ẹ̀kọ́ ni, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ iṣẹ́ náà àti ti ẹni tó kọ ọ́. Àyọkà ni mo wí o, ẹ ò lè da odindi ìtàn olójú ewé mẹ́rìnlá kọ kẹ́ ẹ wá pè é ní àyọkà. Ewì ló tiẹ̀ le jù, torí ewì ìlà méjìlá, tẹ́ ẹ bá kọ gbogbo ìlà ẹ̀, odindi iṣẹ́ lẹ kó yẹn, bó ti wù kó kéré tó. Ìlà mẹ́ta mẹ́rin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣàlàyé ìfohunpènìyàn, ìyẹn ò ní wàhálà.

Títà yẹn ló ń kọ mí lóminú. Tó bá dé kóòtù, wọ́n máa wo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bẹ́ ẹ ṣe mú nínú ẹ̀ tó, àti pé ṣé kò ní ba ọjà oníwèé jẹ́. Ọmọ tó ti ní odindi ìtàn nínú hándáàtì yín, kí ló tún fẹ́ lọ ra ìwé yẹn l'Ọ́jà Ọba fún? Ó ń dùn mí gan-an, torí owó ìwé tí wọ́n bá tà làwọn tó ń kọ Yorùbá fi ń rójú kọ òmíì.

Àwọn kan á ní òǹkọ̀wé ti kú. Ó di 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú kí ẹ̀tọ́ tó ní lórí iṣẹ́ ẹ̀ tó tán. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó wa níbí, kú ní 1963, ẹ̀tọ́ tiẹ̀ di ìparí 2033.

Tó bá jẹ́ àlọ́ lẹ fẹ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ara yín kọ èyí tí ìyá yín pa fún yín, torí ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi kọ ọ́ ló ni, kò ni Ìjàpá.

Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ odindi ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, àdírẹ́sì wọn máa ń wà lẹ́yìn ojú ewé àkọlé, tàbí ẹ lọ bá REPRONIG, àwọn tó ń bójú tó àṣẹ fótókọ́pì ìwé ní Nàìjíríà. Ẹ dárúkọ ojú ewé tẹ́ ẹ fẹ́, iye kópì àti iye tẹ́ ẹ máa tà á, kẹ́ ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbi fótókọ́pì.