Ṣé kí n fọ jákẹ́ẹ̀tì olórin kí n tó tà á?

Ìbéèrè: Awakọ̀ gbajúmọ̀ olórin kan ni bàbá mi nígbà kan rí. Olórin náà, tó ti di olóògbé báyìí, fún wọn ní jákẹ́ẹ̀tì kan tó máa ń wọ̀ ṣeré lórí ìtàgé. Ó ti dọ̀tí, bọ́tìnnì kan sì ti já bọ́ lára rẹ̀. A fẹ́ gbé e lọ fún àwọn onígbàǹjo. Ṣé kí n fọ̀ ọ́, kí n sì rán bọ́tìnnì mìíràn sí i kó lè pawó?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi omi kàn án, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ kàn án. Aṣọ kọ́ ni ẹni tó ń ra irú nǹkan báyìí ń rà. Ara tó wọ̀ ọ́ ló ń sanwó lé lórí, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fọ ara yẹn dànù. Súwẹ́tà tí Kurt Cobain, olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, wọ̀ nígbà tó kọrin fún ètò tẹlifíṣọ̀n MTV Unplugged ní 1993 dé ọjà gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní 2019. Wọn ò fọ̀ ọ́ rí látìgbà náà: iná sìgá ti jó o, àbàwọ́n wà lára rẹ̀, bọ́tìnnì kan kò sí níbẹ̀. 334,000 dọ́là ni wọ́n rà á.

Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí nìkan kì í pawó o; aṣọ ìdọ̀tí wà nílé oníkálukú. Ẹ̀rí ló ń pawó, ọwọ́ bàbá yín sì ni tiyín wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nísinsìnyí: ọdún wo ni, ibo ni, ta ló wà níbẹ̀, kí ni olórin náà sọ nígbà tó ń gbé e fún wọn? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i níwájú agbẹjọ́rò. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wọn, ìwé owó oṣù, fọ́tò táwọn méjèèjì jọ yà, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ìwé ẹ̀rí olóǹtẹ̀ wúrà tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ bá fẹ́ tà fún yín, ẹ dá a padà fún un.

Ẹ tún wá fọ́tò tàbí fídíò tí olórin náà ti wọ jákẹ́ẹ̀tì yìí. Kó jọ ọ́ nìkan kò tó, torí wọ́n sábà máa ń rán aṣọ ìtàgé kan náà ní méjì mẹ́ta. Ibi tí ìlà aṣọ ti pàdé ojúrán ni ká wò, ká fi wé ti inú fọ́tò. Àbàwọ́n tí ẹ fẹ́ fọ̀ yẹn gan-an lè jẹ́ àmì tí a máa fi dá a mọ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ má kó o sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ má fi kọ́ hángà, ẹ má sì ju káńfọ̀ sí i. Aṣọ òwú funfun tó mọ́ ni kí ẹ fi wé e, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú àpótí níbi tí oòrùn kò dé.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ rọra bi bàbá: ṣé olórin náà fún wọn pátápátá ni, àbí ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀? Bí ìròyìn gbàǹjo bá ti jáde, àwọn ọmọ olóògbé lè yọjú pé ogún àwọn ni. Bí ìwé kankan bá wà tó fi hàn pé ẹ̀bùn ni, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó pe onígbàǹjo kankan.